Láísẹ́ǹsì sọ́fítíwíà wa fẹ́ parí: ìlànà fáìlì wo ni kí a kó iṣẹ́ chip wa sí?

Ọmọ Ìdànrè · Ajé, 7:40 àárọ̀

Mo kí gbogbo ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní yunifásítì kan ní Jámánì. Àwa mẹ́ta la jọ ń ṣe chip kékeré kan tó ń wọn iná tó wọlé sí i, tó sì ń sọ ọ́ di nọ́ńbà oníbíìtì 8. Ọwọ́ la fi ya apá kan rẹ̀, Verilog, èdè tí a fi ń kọ sákíìtì bíi kóòdù, la sì fi kọ apá tó ń darí rẹ̀. Ọdún kan àti ààbọ̀ la ti fi ṣe é nínú sọ́fítíwíà olówó ńlá kan tí ilé-ẹ̀kọ́ wa ń san owó láísẹ́ǹsì rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n sọ fún wa pé àwọn kò ní san án mọ́, àti pé bí oṣù tó ń bọ̀ bá ti parí, kò sí ẹni tí yóò lè ṣí i. Inú àká dátà OpenAccess ni gbogbo àwòrán wa wà.

Mo dán nǹkan kan wò lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Mo kó àwòrán náà jáde ní GDSII, ìlànà fáìlì àwòrán chip, mo ṣí i nínú KLayout, irinṣẹ́ tó ń fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ hàn, mo sì rí ohun gbogbo bí mo ṣe yà á. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé fáìlì kan náà sínú Magic kí ó bá mi yọ ìsopọ̀ inú rẹ̀ jáde, tí mo sì ní kí Netgen fi í wé àwòrán sákíìtì wa, orúkọ ẹnu-ìsopọ̀ 37 nínú 52 kò sí níbẹ̀. Wáyà wà, orúkọ rẹ̀ kò sí.

Ìbéèrè mi ni pé ìlànà gbangba wo ni a lè kó iṣẹ́ yìí sí, tí ẹni tó bá ṣí i ní ọdún márùn-ún sí i, pẹ̀lú irinṣẹ́ tó bá wù ú, yóò fi rí ohun tí àwa rí? Mo ti ka GDSII, OASIS, LEF, DEF, Liberty, EDIF, títí orí mi fi ń yí.

Àlàbí Ọ̀fà · Ajé, 8:05 àárọ̀

GDSII ni, àbúrò. Kò sí irinṣẹ́ àwòrán chip tí kì í kà á, kò sì sí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe chip jáde tí yóò ní òun kò gbà á. Kó gbogbo rẹ̀ sí i, kí o sì máa bá iṣẹ́ rẹ lọ. Orúkọ 37 tó sọnù yẹn, fi ọ̀sán kan tún wọn tẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Leeds · Ajé, 9:31 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n Àlàbí, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yín kò tíì dé ìdí. Òótọ́ ni pé gbogbo irinṣẹ́ ń ka GDSII. Pé ìtumọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń fún un ni kì í ṣe òótọ́.

Ilé-iṣẹ́ Calma ló gbé GDSII jáde ní ọdún 1978 fún ẹ̀rọ àwòrán tiwọn. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju ìrísí lọ: onígun, ipa wáyà, ọ̀rọ̀ kúkúrú tí a lẹ̀ mọ́ ojú ibì kan, àti ìtọ́ka sí àwòrán mìíràn. Kò mọ ohun tó ń jẹ́ transistor. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn kó aṣọ tí wọ́n ti gé lọ fún télọ̀ mìíràn pé kó bá òun rán an: gbogbo gígé ló pé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sí i pé apá nìyí, ọrùn nìyí. Télọ̀ tó mọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ yóò rán an dáadáa, èyí tí kò mọ̀ ọ́n yóò rán ohun tó bá rí.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ọmọ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Nínú GDSII, ìpele kò ní orúkọ, nọ́ńbà méjì ló ní. Ìlànà náà sọ pé kí nọ́ńbà wà. Ohun tí nọ́ńbà túmọ̀ sí, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu tirẹ̀. Nínú SKY130, ìlànà ìṣe chip tí Google àti SkyWater fi síta ní ọdún 2020, 68/20 ni met1, ìpele wáyà onírin kan. Nínú SG13G2 ti IHP, 8/0 ni Metal1. Nínú GF180MCU, 34/0 ni. Orúkọ tí a lẹ̀ mọ́ wáyà náà sì tún ní nọ́ńbà tirẹ̀: nínú SKY130, ìrísí ẹnu-ìsopọ̀ met1 wà ní 68/16, ọ̀rọ̀ orúkọ rẹ̀ wà ní 68/5. Bí sọ́fítíwíà tí ẹ fi kó o jáde bá kọ orúkọ sí nọ́ńbà tí Magic kò retí, Magic yóò jù ú nù, bóyá pẹ̀lú ìkìlọ̀ kan láàárín igba ìlà tí ẹnikẹ́ni kò kà. KLayout ní tirẹ̀ kàn ń fi ohun tó wà nínú fáìlì hàn ọ́ ni, kò bèèrè ohun tó túmọ̀ sí, ìdí nìyẹn tí inú rẹ fi dùn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Nítorí náà, àbúrò, má tún orúkọ kankan tẹ̀. Tẹ ọ̀kan nínú àwọn tó sọnù nínú KLayout, wo nọ́ńbà méjì tó wà lórí rẹ̀, kí o fi wọ́n wé ohun tí fáìlì tech ti Magic ń retí, kí o sì tún fáìlì tó so orúkọ ìpele mọ́ nọ́ńbà ṣe kí o tó kó àwòrán jáde lẹ́ẹ̀kejì. Fáìlì kékeré yẹn gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé GDSII lọ síbikíbi tó bá ń lọ.

Bí o bá ti wà níbẹ̀, yẹ ìdíwọ̀n wò pẹ̀lú. Ṣí fáìlì náà nínú irinṣẹ́ tó ń fi báìtì hàn. Ó yẹ kí o rí 00 06 00 02 ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ 02 58, èyí tí í ṣe 600, nọ́ńbà ẹ̀dà ìlànà náà. Sísàlẹ̀ díẹ̀, bí o bá rí 3E 41 89 37, 0.001 nìyẹn: ẹyọ kan nínú fáìlì jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún micron. Wọ́n kọ nọ́ńbà náà ní ọ̀nà àtijọ́ tí kọ̀ǹpútà òde òní kì í lò mọ́, mo sì ti rí ìwé kóòdù àfọwọ́kọ ju ẹyọ kan lọ tó kà á ní àkàgbé. Bí o bá rí ohun mìíràn níbẹ̀, dúró ná.

Bàbá Oníṣirò · Ajé, 1:12 ọ̀sán

Àlàyé Ìyá Ìbejì dára, àtúnṣe kékeré kan ni mo fẹ́ ṣe sí i. GDSII gbà kí a so àkíyèsí mọ́ ìrísí, títí kan orúkọ wáyà tó wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe pé àyè kò sí. Àwọn oní-sọ́fítíwíà ni kò fi ohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí àkíyèsí onínọ́ńbà báyìí túmọ̀ sí, nítorí náà ẹni tó kọ ọ́ nìkan ló ń rí i kà. OASIS, tí àjọ SEMI kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí P39, tún gbà kí ìpele ní orúkọ nínú fáìlì fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bíbí tí wọ́n bí OASIS, nítorí pé fáìlì GDSII ti tóbi ju ohun tí ènìyàn lè gbé lọ ni. Iṣẹ́ ọmọ wa kò tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti EDIF, nítorí Ọmọ Ìdànrè mẹ́nu kàn án, ẹ̀yin ọmọdé kò sì mọ ohun tí ojú wa rí. Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Motorola, Texas Instruments, Tektronix, Mentor àti Daisy, pẹ̀lú yunifásítì Berkeley, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1983, kí irinṣẹ́ lè máa gbọ́ èdè ara wọn. Ẹ̀dà 2 0 0 rẹ̀ di ìlànà Amẹ́ríkà ní ọdún 1988. Ilé-iṣẹ́ tí mo wà nígbà náà ní irinṣẹ́ 6. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá fẹ́ bá ìkejì sọ̀rọ̀ tààrà, ògbufọ̀ 30 ni a ní láti kọ. Bí gbogbo wọn bá gba ojú EDIF, 12 ti tó, mẹ́fà fún kíkọ, mẹ́fà fún kíkà. A yọ̀, a sì pa ẹran.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ni pé EDIF fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ohun kan ṣoṣo ṣeé sọ ní ọ̀nà mẹ́rin, olúkúlùkù sì mú ọ̀nà tirẹ̀. EDIF kì í gba àkámọ́ nínú orúkọ, nítorí náà a máa ń kọ ọ́ báyìí:

`(rename data_3_ "data[3]")`

Irinṣẹ́ kan ń ka orúkọ àkọ́kọ́, òmíràn ń ka èyí tó wà nínú àmì àyọlò, ẹ̀kẹta ń ka méjèèjì ó sì ń rò pé wáyà méjì ni. Kí ọdún tó yí, a ti ní ìwé kóòdù ìtúnṣe fún gbogbo ọ̀nà láàárín irinṣẹ́ sí irinṣẹ́. Ẹ mọ iye tí wọ́n jẹ́? 30. Gírámà ni EDIF fún wa, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ni a kò jọ pinnu. Ọmọ Ìdànrè, má fi EDIF kó ẹrù kankan.

Ẹlẹ́rọ Abẹ́òkúta · Ajé, 4:48 ìrọ̀lẹ́

Kò yé mi ìdí tí ẹ fi ń rìn yí ká. Inú OpenAccess ni iṣẹ́ ọmọ yìí ti wà tẹ́lẹ̀, ìlànà gbangba sì ni OpenAccess ń jẹ́. Cadence, ilé-iṣẹ́ sọ́fítíwíà chip, ló fi í lé àjọ Si2 lọ́wọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, ìdí rẹ̀ gan-an sì ni pé kí àwọn irinṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè ṣiṣẹ́ lórí àká dátà kan ṣoṣo, kí ó má sí pé à ń túmọ̀ fáìlì láti ibì kan sí ibòmíràn. Ó ní wáyà, ó ní orúkọ, ó ní ìsopọ̀, ó ní ohun gbogbo tí GDSII ń jù nù. Kí ó fi àwọn fólídà náà pamọ́ bí wọ́n ṣe wà, kí ó sì wá irinṣẹ́ mìíràn tó ń ka OpenAccess.

Àṣàkẹ́ T. · Ajé, 8:20 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́rọ, orúkọ OpenAccess ló ń tàn yín jẹ. Ohun tí wọ́n fi ohùn ṣọ̀kan lé lórí ni àwọn iṣẹ́ C++ tí ìwé kóòdù fi ń bi àká dátà ní ìbéèrè. Bí báìtì ṣe tò lórí díìsìkì kì í ṣe ara àdéhùn náà. Láti lo àwọn iṣẹ́ C++ yẹn, ènìyàn gbọ́dọ̀ wọ inú àdéhùn Si2. Fún ilé-iṣẹ́ ńlá, ìyẹn kò le, ó sì ti ṣe iṣẹ́ ńlá fún wọn, n kò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n KLayout, Magic àti OpenROAD kò kà á. OpenROAD, tó ń ya chip láti inú kóòdù, ní àká dátà tirẹ̀, OpenDB, tí ẹnikẹ́ni lè ṣí kóòdù rẹ̀ wò. Ọmọ tí kò ní owó láísẹ́ǹsì mọ́, tí ẹ wá ní kó fi fólídà OpenAccess pamọ́, ẹ fún un ní àpótí, ẹ mú kọ́kọ́rọ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ PCell tún wà. Transistor tí ẹ fi ọwọ́ gbé sórí àwòrán kì í ṣe ìrísí tí a kọ sílẹ̀. Kóòdù ni, tí ó ń ya ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí fífẹ̀ àti gígùn tí ẹ fún un. Èdè SKILL ni ọ̀pọ̀ wọn wà, irinṣẹ́ tí kò bá sì gbọ́ SKILL kò lè yà á. Mo ṣí iṣẹ́ mi àtijọ́ kan lẹ́yìn ọdún méjì, níbi iṣẹ́ tuntun, lórí irinṣẹ́ tí wọ́n fi dá mi lójú pé ó ń ka OpenAccess. Ó kà á lóòótọ́. Wáyà gbogbo wà ní àyè wọn, ṣùgbọ́n níbi tí transistor 400 yẹ kó wà, férémù òfìfo ni mo bá, pẹ̀lú orúkọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ilé tí àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ ti kó jáde.

Àbúrò, kí o tó kó GDSII jáde, ní kí sọ́fítíwíà yín sọ gbogbo PCell di ìrísí lásán nínú ẹ̀dà kan. Kọ fífẹ̀, gígùn àti iye ìka transistor kọ̀ọ̀kan sínú netlist, ìwé tó to ẹ̀yà àti ìsopọ̀ wọn, kí o lè tún un yà nígbà mìíràn. Kí o sì ka ìwé àdéhùn PDK, àkójọ òfin àti ẹ̀yà ti ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe chip jáde, tí ẹ fi yà á. Bí ó bá jẹ́ èyí tí ẹ fọwọ́ síwèé pé ẹ kò ní fi han ẹlòmíràn, ìrísí tó jáde nínú PCell wọn wà lábẹ́ ìwé yẹn, ẹ kò lè gbé e sí gbangba.

Ọmọ Ìdànrè · Ìṣẹ́gun, 10:15 àárọ̀

Ẹ ṣeun gan-an. SG13G2 ti IHP, ní ìlú Frankfurt tó wà létí odò Oder, ni a lò. A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí a fọwọ́ síwèé fún, ṣùgbọ́n wọ́n ní PDK gbangba fún un báyìí, ibẹ̀ la sì fẹ́ kó lọ. Mo ti kọ lẹ́tà láti bèèrè ohun tí a lè fi síta.

Ìyá Ìbejì, bí ẹ ṣe sọ ọ́ náà ló rí. Mo tún fáìlì ìpele ṣe, orúkọ gbogbo sì padà wá. 29 nínú 37 ti bá àwòrán sákíìtì mu. Mẹ́jọ tó kù ni Netgen kọ̀, gbogbo wọn sì jẹ́ ẹnu àbájáde nọ́ńbà wa. Ohun tí mo ń rí nìyí:

`D<3>` ní apá àwòrán
`D[3]` ní apá netlist

Kọ́lá Oníkóòdù · Ìṣẹ́gun, 11:02 àárọ̀

Sọ́fítíwíà ìyàwòrán sákíìtì yín ló ń lo `< >` fún wáyà tó bá pọ̀ lábẹ́ orúkọ kan, Verilog sì ń lo `[ ]`. Àwọn méjèèjì kò ṣe àṣìṣe. Kò sí ìlànà kan tó fi dandan lé e. Yan ọ̀kan, kí o sì yí èkejì padà ní ibi tí ó ti ń jáde, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti jáde. `[ ]` ni èmi yóò yàn, nítorí Verilog ni yóò pẹ́ jù lọ láyé nínú gbogbo ohun tí o kó dání.

Ṣùgbọ́n má ṣe rò pé ó ti tán. Verilog gbà kí orúkọ ní àmìkámì bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `\`, àyè òfìfo ló sì fi ń mọ̀ pé orúkọ náà ti parí. Nítorí náà `\D[3] ` jẹ́ wáyà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, nígbà tí `D[3]` jẹ́ ẹ̀ka tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 3 nínú D. Bí irinṣẹ́ kan bá gé àyè òfìfo yẹn kúrò, ohun tó bá tẹ̀ lé e yóò wọ inú orúkọ. DEF, fáìlì tó ń sọ ibi tí ẹ̀yà àti wáyà wà, ń sọ tirẹ̀ ní orí fáìlì:

`DIVIDERCHAR "/" ;`
`BUSBITCHARS "[]" ;`

SPEF, fáìlì tó ń sọ ìdènà àti ẹrù iná inú wáyà, tó wà nínú IEEE 1481, náà ń sọ tirẹ̀ ní orí fáìlì. Ka ìlà wọ̀nyẹn kí o tó fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni.

Ohun kejì: Verilog mọ ìyàtọ̀ láàárín lẹ́tà ńlá àti kékeré. VHDL, èdè bíi tirẹ̀, kò mọ̀ ọ́n, SPICE àtijọ́, èdè ìdánwò iná sákíìtì, náà kò sì mọ̀ ọ́n. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti sọ wáyà kan ní `Rst`, tí ẹlòmíràn sọ òmíràn ní `rst`, wáyà méjì ni nínú Verilog, ọ̀kan ṣoṣo ni nínú SPICE.

Ọmọ Ìdànrè · Ìṣẹ́gun, 11:40 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n Kọ́lá, ṣé ẹ wà ní yàrá wa ni? `Rst` àti `rst` wà níbẹ̀ lóòótọ́. Èmi ni mo kọ ti ńlá.

Àlàbí Ọ̀fà · Ìṣẹ́gun, 12:30 ọ̀sán

Mo ti gba ìbáwí ti àná, n kò ní jiyàn mọ́ lórí GDSII. Apá oní-Verilog wá ńkọ́? Ṣebí kí ó fi LEF àti DEF ti ilé-iṣẹ́ Synopsys kó ìyẹn pamọ́?

Ìyá Ìbejì, Leeds · Ìṣẹ́gun, 2:05 ọ̀sán

Cadence ló fi LEF, tó ń sọ ìrísí ẹ̀yà, àti DEF síta, ẹ̀gbọ́n. Ti Synopsys ni Liberty, tó ń sọ ìwà ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, àti SDC. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìní ilé-iṣẹ́ kan kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀ fún ayé, òórùn ilé tí wọ́n ti wá kò sì tíì tán lára wọn.

Ní tèmi, kí ó má fi DEF ṣe orísun. Verilog ni kó fi pamọ́. Ó ti di ìlànà IEEE 1364 láti ọdún 1995, ó sì wọ inú IEEE 1800 ní ọdún 2009, kò sì sí irinṣẹ́ tó ń ya chip láti inú kóòdù tí kò gbọ́ ọ. Kó fi fáìlì SDC tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti sọ bí aago ṣe gbọ́dọ̀ yára tó, kí ó sì jẹ́ kí OpenROAD tún àwòrán náà ṣe láti inú wọn.

Nọ́ńbà ni kó ṣọ́ra fún, nítorí pé nínú àwọn fáìlì yìí, nọ́ńbà kì í gbé ìdíwọ̀n rẹ̀ dání. `( 4600 2720 )` nínú DEF jẹ́ micron 4.6 àti 2.72 bí orí fáìlì bá sọ pé 1000, ó sì jẹ́ 2.3 àti 1.36 bí ó bá sọ pé 2000. Nọ́ńbà ìdíwọ̀n tó wà nínú LEF gbọ́dọ̀ ṣeé fi ti DEF pín láìṣẹ́kù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, irinṣẹ́ tó mọṣẹ́ yóò kọ̀ ọ́. Ti SDC tún burú jù. `set_load 0.05` kò sọ 0.05 kí ni. Inú Liberty ni irinṣẹ́ ti ń wá ìdíwọ̀n rẹ̀. Bí Liberty bá sọ pé `capacitive_load_unit (1, pf)`, femtofarad 50 ni. Bí o bá gbé SDC kan náà lọ sí ibi tí Liberty ti ń lo ff, ẹrù náà fúyẹ́ ní ìlọ́po 1000, ìròyìn àkókò yóò dára bí ẹ̀wà obìnrin, irọ́ sì ni gbogbo rẹ̀. Kọ `set_units` sí orí SDC rẹ kí irinṣẹ́ lè sọ fún ọ bí wọn kò bá bára mu.

Má sì ṣe kọ ọgbọ́n sínú SDC. Tcl, èdè kóòdù kan, ni abẹ́ rẹ̀, ó sì máa ń wu ènìyàn láti fi `foreach` àti `if` sí i. Àwọn irinṣẹ́ tó ní àwọn ń ka SDC kò fara mọ́ gbogbo Tcl. Àṣẹ lásán, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ìlà tirẹ̀.

Bàbá Oníṣirò · Ìṣẹ́gun, 5:50 ìrọ̀lẹ́

Ibí yìí ni èmi àti Ìyá Ìbejì ti yà. Pé kó fi Verilog ṣe orísun, mo gbà. Pé kí irinṣẹ́ tún àwòrán ṣe láti inú rẹ̀ lẹ́yìn ọdún márùn-ún, n kò gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹ̀dà OpenROAD ọdún yìí àti ti ọdún tó ń bọ̀ kì í gbé ẹ̀yà sí ojú kan náà. Bí chip bá ti jáde, tí ẹ sì ń wá ìdí tí ó fi ń ṣe ségesège, àwòrán tí ẹ fi ránṣẹ́ gan-an lẹ nílò. Kí ó fi Verilog, DEF, Liberty, GDSII àti nọ́ńbà ẹ̀dà gbogbo irinṣẹ́ pamọ́ pọ̀. Kò ní gba àyè.

Ẹ rántí Efabless tó ṣíwọ́ iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gba ọ̀dọ̀ wọn fi chip SKY130 ránṣẹ́. Ọ̀nà ìfiránṣẹ́ náà dí lójijì, ṣùgbọ́n PDK náà wà lábẹ́ àṣẹ Apache 2.0, àwòrán àwọn ènìyàn sì wà ní fáìlì tí gbogbo irinṣẹ́ ń kà, nítorí náà iṣẹ́ wọn kò bá ilé-iṣẹ́ náà lọ. Tiny Tapeout, ọ̀kan nínú àwọn tó ń gba ọ̀dọ̀ wọn, wá ilé-iṣẹ́ mìíràn, wọ́n sì ń bá tiwọn lọ.

Ìyá Ìbejì, Leeds · Ìṣẹ́gun, 6:14 ìrọ̀lẹ́

Mo gbà fún yín lórí èyí, bàbá. Kí ó fi méjèèjì pamọ́.

Ọmọ Ìdànrè · Àìkú, 9:20 alẹ́

Mo padà wá jíhìn. A sọ PCell gbogbo di ìrísí nínú ẹ̀dà kan, a sì fi àwọn ti PDK gbangba rọ́pò wọn nínú èyí tí a ó máa ṣiṣẹ́ lé lórí. Mo yí `< >` sí `[ ]` níbi tí netlist ti ń jáde. `Rst` ti di `rst_ana`. Mo kó GDSII jáde láti inú sọ́fítíwíà àtijọ́, mo kà á wọ KLayout, mo tún kọ ọ́ jáde, mo wá ní kí KLayout yọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Ìpele kan ṣoṣo ló fi nǹkan hàn, onígun tín-ínrín mẹ́ta tí kò fẹ̀ ju micron 0.005 lọ, níbi tí ẹnì kan nínú wa ti ya wáyà ní dídà, tí ìkángun rẹ̀ kò sì bọ́ sórí ojú ìlà ìwọ̀n. Ọwọ́ la fi tún un ṣe. Netgen ti ní 52 bá 52 mu.

Ohun tó kù tí n kò rí ọ̀nà rẹ̀ ni ìdánwò. Gbogbo ìdánwò iná wa la kọ ní èdè Spectre, ngspice, irinṣẹ́ ìdánwò ọ̀fẹ́, kò sì gbọ́ ìdajì rẹ̀.

Àṣàkẹ́ T. · Àìkú, 10:03 alẹ́

Òkè tó kù ju èyí tí ẹ ti gùn lọ nìyẹn, nítorí pé láti ìgbà tí SPICE ti jáde ní Berkeley ní ọdún 1973, olúkúlùkù ló ti ń fi ọwọ́ tirẹ̀ kún èdè rẹ̀. N kò mọ ògbufọ̀ kan tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé. Àmọ́ àwòṣe transistor fúnra rẹ̀ kò ní dà ọ́ láàmú: àwòṣe PSP ni SG13G2 gbangba ń lò fún transistor MOS, inú èdè Verilog-A ni wọ́n kọ ọ́ sí, irinṣẹ́ OpenVAF sì ń sọ ọ́ di ohun tí ngspice lè gbé wọlé tààrà. Ìdánwò tiyín nìkan lo ní láti tún kọ. Ìdánwò mélòó ni?

Ọmọ Ìdànrè · Àìkú, 10:09 alẹ́

14, ẹ̀gbọ́n.

Àṣàkẹ́ T. · Àìkú, 10:15 alẹ́

Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó ń wọn ìṣísẹ̀ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, nítorí pé òun ló máa kọ́kọ́ fi hàn bí nǹkan bá yí padà. Tún un kọ ní ngspice nígbà tí láísẹ́ǹsì yín ṣì ń ṣiṣẹ́, kí o sì máa dá méjèèjì wé ara wọn lórí sákíìtì kan náà. Bí oṣù tó ń bọ̀ bá ti parí, kò ní sí ohun tí o máa fi í wé mọ́. Fi èyí àkọ́kọ́ sí ibí yìí bí o bá ti kọ ọ́ tán.